Jímọ̀ Tí Mo Fi Ẹ̀rín Bo Ọ̀fọ̀

Òórùn kúbùsù ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú tí mo bá rántí ìgbà yẹn, kúbùsù onírun tó nípọn, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ọjà Naif ní Dubai máa ń kó ránṣẹ́ sí Èkó tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé. Mẹ́fà irú rẹ̀ la fi ìṣó kàn mọ́ ògiri yàrá kan ní Hor Al Anz, kí ariwo mọ́tò àti ti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ má baà wọlé bá wa. Yàrá yẹn la ń pè ní sitúdíò. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, makirofóònù méjì, hẹ́dífóònù kan, àti fáànù tí a gbọ́dọ̀ pa nígbàkígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru inú rẹ̀ lè se ẹyin. Síbẹ̀, bí mo bá ti jókòó sídìí makirofóònù, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé gbogbo ayé ti pa iṣẹ́ tì, ohun tí èmi fẹ́ sọ ni wọ́n ń dúró dè.

Iṣẹ́ sikiọ́ríìtì ni mò ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé gogoro kan ní Sharjah, nínú yunifọ́ọ̀mù tó fẹ̀ jù mí lọ, tí mò ń kí àwọn èèyàn tí kì í dáhùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo bá gbàyè, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Deira, màá gun àtẹ̀gùn ilé Hor Al Anz yẹn, màá sì di Sájẹ́ńtì. Sájẹ́ńtì ni ẹni tí mò ń ṣe lórí rédíò: àgbà sójà kan tí kò rí ogun rí, tó ń fi ẹnu lásán lé ọ̀tá, tí ẹ̀rù ológbò sì ń bà. Màá ki ohùn mi bọ ọ̀fun, màá pàṣẹ fún ìrẹsì pé kó jinná kíá, màá ní kí ẹ̀fọn dìde dúró kó sọ nọ́ńbà ara rẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà wá gbà pé ẹ̀bùn ńlá ni Ọlọ́run fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà yẹn. Ta ló fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀bùn àti ọgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà?

Ọkùnrin tó dá rédíò náà sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, jẹ́ oníṣòwò ní Naif. Fóònù àti aṣọ ọmọdé ló ń rà ránṣẹ́ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wù ú ju ọjà lọ. Orí fóònù ni rédíò wa wà. Ẹni tó bá ti ní dátà, ibi yòówù kó wà, á gbọ́ wa. Àwọn tó ń wa takisí ń gbọ́ wa, àwọn tó ń fọ abọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ń gbọ́ wa, àwọn mẹ́jọ tó há mọ́ inú yàrá bedspace kan, níbi tí kálukú ti ń sanwó bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ nìkan, á gbé fóònù ẹyọ kan sáàárín. Ẹ̀gbọ́n máa ń sọ pé àìsàn tó ń ṣe ará àjò pọ̀, ṣùgbọ́n àìgbọ́ èdè ẹni ló burú jù nínú wọn.

Ogun ń jà nílé nígbà yẹn, lápá Àríwá Ìlà-Oòrùn. Ká sọ tòótọ́, púpọ̀ nínú wa kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ó dà bí ìjì tó ń ṣí òrùlé ní abúlé ẹlòmíì. Ìyá kan ló gbé ogun náà wọ inú yàrá wa. Ìyá yìí ń tọ́jú ọmọ méjì fún ìdílé Lárúbáwá kan ní Al Warqa. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù fún un. Nítorí kí ìyẹn lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ṣe wá sí Dubai, ṣùgbọ́n kó tó pé ọdún kan níbí, ọmọ ti lọ wọṣẹ́ ológun láìsọ fún un. Ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sójú ogun ni gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Sójà. Ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò rò pé orúkọ náà dùn mọ́ ọn rí.

Òun ló fi rédíò wa han ọmọ rẹ̀. Ọmọ fi han àwọn Yorùbá mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú àgọ́ ológun nínú igbó lọ́hùn-ún. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣàánú wọn, wọ́n á gbé fóònù lé orí àpò iyanrìn, wọ́n á yí i ká. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìyá sì gbé e wá kí n gbọ́: "Màámi, ẹ bá mi sọ fún Sájẹ́ńtì yín pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa o. Sájẹ́ńtì tiwa kì í rẹ́rìn-ín rárá." Ohùn tútù ni, ohùn ẹni tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá, mo tún fi yangàn fún àwọn tí a jọ ń ṣọ́lé. "Àwọn tó ń jagun ń gbọ́ mi!" ni mò ń sọ fún wọn, bí ẹni pé èmi náà wà níbẹ̀ tí mò ń bá wọn gbé ìbọn.

Bí ogun ṣe ń le sí i ni Ẹ̀gbọ́n dá a lábàá pé ká ya odidi ọjọ́ Jímọ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwọn sójà tó wà lójú ogun àti àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lájò. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun Màgàríbì, orin àti ìkíni àti ẹ̀fẹ̀ ni, kí ẹni tó ń jagun àti ẹni tó ń nulẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín pọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo rẹ̀ máa dùn dé góńgó: Ìyá Sójà á wá sí sitúdíò, ọmọ rẹ̀ á pè wá láti ojú ogun, ìyá àti ọmọ á sì jọ sọ̀rọ̀ létí gbogbo èèyàn. Ọmọ ti gbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, sójà bíi tirẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn nínú tẹ́ǹtì kan náà, ló ní fóònù tó dára. Òun ló fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ká lè mọ ìpè náà tó bá wọlé.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Ìyá Sójà ti dé kí n tó dé. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin fún un láyè láti àárọ̀. Búbá àti ìró aláwọ̀ ojú ọ̀run tí mi ò rí lọ́rùn rẹ̀ rí ló wọ̀, ó sì se móínmóín ẹlẹ́yin wá nínú kúlà ńlá kan.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó bi mí, "ṣé ohùn mi ò ní máa gbọ̀n báyìí tó bá kàn mí?"

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi Sájẹ́ńtì ò wà níbí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi lórí pẹ́ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà dùn, mi ò ní purọ́. Dírẹ́bà kan pè láti Sharjah, ó kọrin fún ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, orin náà burú débi pé ìyàwó pè láti Ìbàdàn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun pa á. Ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kí àwọn sójà, ó ní tí wọ́n bá ti ilé ogun dé, òun máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún gbogbo wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn sójà ń kọ̀wé sí wa: a ń gbọ́ yín, ẹ fi orin yẹn sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkùnrin ará Bangladesh tó ń gbé yàrá kejì kan ògiri, ó ní, "Habibi, too much noise!" Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé, "Shukran, shukran, lónìí nìkan ni," ó fún un ní móínmóín méjì, ògiri sì dákẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, Ẹ̀gbọ́n wẹ̀, ó lọ kí Jímọ̀. Èmi tí mo jẹ́ onígbàgbọ́ ló fi sídìí ẹ̀rọ. Mo to orin gígùn mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, mo fara ti àga. Ìyá Sójà wà ní kíṣìnnì, ó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti gbọ̀n lórí tábìlì. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà ló fi ohùn ránṣẹ́. Mo gbé e sétí.

"Ẹ̀gbọ́n Sájẹ́ńtì, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Mama wá sórí rédíò lónìí. Wọ́n kọlù wá lánàá. Ọ̀rẹ́ mi ò sí mọ́. Èmi ni mo gbé e. Àwọn ọ̀gá wa ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ."

Mo fẹ́ tún un gbọ́, àtàǹpàkò mi kọ̀ kò lọ síbẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Orin ti tán, rédíò ti dákẹ́, Ìyá Sójà ló pariwo láti kíṣìnnì: "Sájẹ́ńtì, orin ti tán o! Àbí o ti sùn ni?" Mo fa makirofóònù, ohun tó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni ẹ̀fẹ̀. Mi ò rántí ẹ̀fẹ̀ wo ni. Ohun tí mo rántí ni pé mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti kíṣìnnì.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé láti mọ́sálásí, mo fà á jáde sórí àtẹ̀gùn. Mo fi fóònù sí i létí. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ wá ògiri, ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú jalabíà funfun rẹ̀.

"Ìnnà lílláhì," ó wí.

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún un, Ẹ̀gbọ́n."

"Ká fi ẹnu wo sọ ọ́? Ohun tí àwọn ológun fúnra wọn ò tíì sọ? Tó bá jẹ́ àṣìṣe ńkọ́? Àbí o fẹ́ kó ṣubú lulẹ̀ níbí, kò sí ọkọ, kò sí àbúrò, kò sí ará? Wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá bẹ́ẹ̀. Àgbà ni í ṣe é, nínú ilé, kí èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó máa dì í mú."

"Aago mẹ́rin ńkọ́?"

"A ó sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ìgbà wo ló tiẹ̀ ti ń sí níbẹ̀? Khalas, ó parí. Wọlé."

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n kò burú. Títí dòní, mi ò lè sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀ ló mú mi gbà. Ó rọ̀ mí lọ́rùn ni. Àwọn àgbà ní ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Mo fi òwe yẹn bo ara mi, mo padà sídìí makirofóònù. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni mo fi ṣe Sájẹ́ńtì lọ́jọ́ yẹn lójú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Mi ò ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn olùgbọ́ kọ̀wé pé mo ju ara mi lọ.

Aago mẹ́rin lù. Ìyá Sójà jókòó, ó fi hẹ́dífóònù bo gèlè àti etí pọ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ fún un, ojú rẹ̀ sì ń wo wáyà ilẹ̀, pé àwọn ti gbìyànjú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ìyá tún ìró rẹ̀ ró bó ṣe jókòó.

"Bí kò bá lè pè, ṣé ó lè máa gbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n ṣì ń wo wáyà. Èmi ni mo dáhùn. "Ó lè máa gbọ́, Màámi."

Ó sún mọ́ makirofóònù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, èmi ni. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mi ò bínú mọ́. Nígbà tí o wọṣẹ́ yìí láìsọ fún mi, mo bínú sí ọ fún ọdún méjì, kò hàn sí ọ, mo kàn ń dáhùn rẹ ni. Ó ti tó. Mo ti fi jì ọ́. Ìgbà tí o bá gba ìsinmi, èmi náà á gba ìsinmi, ká jọ pàdé nílé. Tó o bá ń gbọ́ mi, wá ọ̀nà kí o pè mí. Ìṣẹ́jú kan péré. Kí n ṣáà gbọ́ ohùn rẹ."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni fóònù tí a so mọ́ ẹ̀rọ tàn. Nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá ò mọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ó rí iná, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Òun ló tẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi!"

Atẹ́gùn la kọ́kọ́ gbọ́, tó ń fẹ́ yìì. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan tó fọ́. "Mama..."

"Ọmọ mi! Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé o máa wá ọ̀nà!"

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún mi ohun tó mú un pè. Ó ń gbọ́ rédíò, kò lè fara da ẹ̀bẹ̀ ìyá náà mọ́, ó fẹ́ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó jìn. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ... ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mama."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Súẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́, ṣé ó bá ọ mu?"

"Ó bá mi mu, mà. Òun ni mo wọ̀."

Mo rí iwájú orí ìyá tó ń ṣù jọ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ hẹ́dífóònù mọ́ etí.

"Kí ló ṣe ohùn rẹ? Ìgbà wo ni mo di Mama lẹ́nu rẹ?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà nìyẹn. Ká ní mo panu mọ́ nígbà yẹn, ì bá ti mọ̀. Ìyá kì í ṣi ohùn ọmọ gbọ́ títí. Ì bá mọ̀ lójú Ẹ̀gbọ́n, lójú mi, àwa méjèèjì ì bá dì í mú. Ẹ̀gbọ́n ti ń na ọwọ́ kó pa ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mo gba makirofóònù, mo ki ohùn bọ ọ̀fun.

"Dúró gbọin! Èmi Sájẹ́ńtì ni mo pàṣẹ ẹ! Sójà tó bá wà lójú ogun, Mama ló gbọ́dọ̀ máa pe gbogbo abo, títí kan ewúrẹ́! Ohùn rẹ̀ sì ńkọ́? Eruku ló gbé e mì. Mo ti rán ẹ̀fọn méjì lọ wá a!"

Iwájú orí ìyá náà tú ká. Ẹ̀rín gbé e. Ó rín, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ Sájẹ́ńtì yìí, o ò ní pa mí!" Sójà náà ṣe ohùn kan lọ́hùn-ún tí gbogbo olùgbọ́ rò pé ẹ̀rín ni. Èmi mọ ohun tó jẹ́.

"Mo ní láti máa lọ, Màámi," ó wí. "Ọlọ́run á ṣọ́ yín." Ìlà já.

Ìyá Sójà dìde, ó jó yí tábìlì ká nínú yàrá kékeré yẹn. Ọ̀rọ̀ ìkíni ń rọ́ wọlé sórí fóònù bí òjò. Ẹ̀gbọ́n jáde, kò sì padà títí wọ́n fi pe Màgàríbì. Nígbà tí mo sin ìyá dé ibùdókọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ṣàdúrà fún mi, ó ṣàdúrà fún ìyá tó bí mi, ó ní mi ò ní fojú sunkún ọmọ. Mo ń ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Ajé ni àwọn ológun sọ fún ẹ̀gbọ́n Ìyá Sójà lọ́kùnrin ní Ìkirè, ìyẹn sì pe Ẹ̀gbọ́n wa. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá Sójà, àti èmi lọ sí Al Warqa. Ọ̀gá obìnrin tó ni ilé gbé omi fún wa, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sókè. Ìyá ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti òkèèrè, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, ó ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí kò fi sí ibòmíì tó lè gbà mọ́. Ìyá Sójà gbọ́ ọ tán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ní ó jẹ́?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ẹ ò rí i pé àṣìṣe ni? Ọmọ ẹlòmíì ni, kí Ọlọ́run tu ìyá rẹ̀ nínú. Mo bá tèmi sọ̀rọ̀ ní Jímọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, ṣebí o wà níbẹ̀. Sọ fún wọn."

Irọ́ lè rin ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi ò rin ju ọjọ́ mẹ́rin. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì tútù yẹn.

"Màámi, ẹ forí jì mí."

"Ta ló ní kí o dọ̀bálẹ̀? Mo ní kí o sọ fún wọn."

"Kì í ṣe òun, Màámi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni."

Ó sún síwájú lórí àga. "Ìgbà wo lo mọ̀ pé ọmọ mi ti kú?"

"Lọ́sàn-án Jímọ̀ yẹn. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n lọ kírun."

"Kí n tó jókòó?"

"Kí ẹ tó jókòó, mà."

Mi ò ní gbìyànjú láti sọ bí igbe náà ṣe rí. Àwọn ọmọ Lárúbáwá méjèèjì tó wà lókè, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá, bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá rẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀, ó jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ sí àyà. Ẹ̀gbọ́n ló fà mí dìde.

Àwọn ọ̀gá Ìyá Sójà jẹ́ kó lọ sílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n àti èmi sìn ín dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó wọlé ló dúró, tó yíjú sí mi.

"Irọ́ tí ẹ pa kọ́ ló ń dùn mí jù," ó wí wọ́ọ́rọ́wọ́. "Bóyá èmi náà á pa irú rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ̀rín yẹn ni. Wọn ò tíì sin ọmọ mi, mo sì ń rín ẹ̀rín kí gbogbo ayé máa gbọ́. Ìwọ lo mú mi rín in."

Ó fa àpótí rẹ̀ wọlé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sídìí makirofóònù. Mo ki ohùn bọ ọ̀fun, kò sí ohun tó jáde. Mo tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n wò mí, ó ní, "Yalla, dìde," ó gbé orin sí i. Bí mo ṣe fi rédíò sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n tiraka fún ìgbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà òun náà pa á dé, ó gbájú mọ́ ọjà rẹ̀.

Sójà tó pè lọ́jọ́ náà gba ìsinmi lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ilé ìyá náà ní Ìkirè ló kọ́kọ́ lọ kó tó lọ sí ilé bàbá tirẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun kò lè wọlé. Ìyá ní kó sọ̀rọ̀ kí òun gbọ́. Ó kí i. Ìyá ní, "Òótọ́ ni, ìwọ ni," ó fà á wọlé, ó bu oúnjẹ fún un, ó sì ní kó jókòó kó sọ bí ọmọ òun ṣe kú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má fo ibì kankan. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Màámi ló ń pè é títí dòní. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, ṣùgbọ́n màá purọ́ tí mo bá ní kò ta mí lára. Àwa méjèèjì la jọ pa irọ́ kan náà. Ọdún púpọ̀ kọjá kó tó yé mi pé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọkàn tiẹ̀ ló gbọgbẹ́ tó fi pa á. Èmi, nítorí pé mo mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe ni.

Sharjah yìí náà ni mo ṣì wà. Èmi ni mò ń ṣe olórí àwọn sikiọ́ríìtì báyìí, yunifọ́ọ̀mù sì ti bá mi mu. Mo ti gbé ìyàwó, mo ti bí ọmọbìnrin kan. Lọ́dún tó kọjá ni mo gba nọ́ńbà ìyá náà lọ́wọ́ sójà, mo sì pè é láàárọ̀ Sátidé kan. Mo dárúkọ ara mi. Mo rò pé ó ti gbé fóònù sílẹ̀, kí n tó gbọ́ tó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Àgbà obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ, tó ti gbá mi lórí rí, ló ń fi "ẹ" kí mi. Tí Yorùbá bá fẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ èèyàn láìpariwo, ọ̀wọ̀ ló ń fi tì í. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè òjò, ó ní òjò ti ń rọ̀. Mo bi í léèrè ara, ó ní orúnkún ni. Mo ní mo ti bímọ. Ó bi mí lórúkọ ọmọ náà, mo sọ ọ́, ó rọra pè é lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Mo ń retí àdúrà, nítorí àgbà wa kì í parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìṣàdúrà. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Oṣooṣù ni mo ń pè é báyìí. Ó ń gbé e. Mi ò tọrọ àforíjì mọ́. Mo ti wá mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ àbẹ̀ẹ̀bẹ̀tán máa ń di ẹrù sí ẹni tí à ń bẹ̀ lórí. Ọ̀rọ̀ òjò la ń sọ, ọ̀rọ̀ orúnkún, àti bí ọmọ mi ṣe ń ga. Ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ tán. Tó bá ti tán, a máa ń wà lórí ìlà díẹ̀, òun lọ́hùn-ún, èmi níbí, kí ọ̀kan nínú wa tó sọ pé ó dàbọ̀.